Ẹni Tí Bàbá Wa Bá Jẹ Lówó, Kó Wá Rí Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, 2025

Wọ́n ti wá kó àga àti tẹ́ńtì lọ. Ilé Bàbá dá páropáro. Ìwé tí mo rà fún ètò ẹ̀kọ́ táàmù yìí ni mò ń kọ èyí sí, nítorí pé orí mi kún, Màmá kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe gbé Bàbá wọ ilẹ̀ tán, tí pásítọ̀ ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, àwọn àgbà ẹbí yíjú sí mi pé kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ olóògbé máa ń sọ ní ìdí sàréè. Ẹnì kan nínú wọn ń kùn pé kí Gbénró àbúrò mi sọ ọ́, torí òun ni ọkùnrin. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Èmi ni àkọ́bí. Mo bọ́ síwájú, mo gbóhùn sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "Ẹni tí bàbá wa bá jẹ lówó, kó wá rí mi. Èmi Keturah ni kó wá rí." Àwọn tó yí sàréè ká ní mo káre. Gbénró gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù.

Títí di àárọ̀ yìí, ẹni méjì ló ti wá. Bàbá kan tó ń pọ́n àdá ní ₦1,500. Ìyá kan láti Ìdèrè ní ₦4,000 owó irúgbìn ẹ̀gúsí. Mo san méjèèjì lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Kíkẹ́lọmọ wọlé! Orúkọ ọmọ mi wà nínú àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé tó ń ṣe ìdánwò náà. A jó nínú yàrá, àwa méjèèjì, láìsí orin.

Owó ìgbaniwọlé jẹ́ ₦150,000, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ. Ẹni tí kò bá san án lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, n kò ní ẹni tí mo lè nawọ́ sí. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi sin Bàbá, wọn kò ní yá mi ní òmíràn lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n báńkì kékeré kan wà ní Èrúwà tó ń yá tíṣà lówó lórí owó oṣù. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní pa wá.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Àgbàdo tútù mẹ́ta, ₦500.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Malachi pè mí láti Èkó nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré ìsinmi. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó bá mi kẹ́dùn Bàbá. Lẹ́yìn náà ló ní Bàbá yá ₦85,000 lórí fóònù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àwọn nínú Oṣù Kìn-ín-ní, ó sì ti di ₦214,600.

Bàbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ̀jíṣẹ́! Mo pe Gbénró. Ó ní òótọ́ ni, òun lòun bá a tẹ̀ ẹ́, owó katakata àti oògùn apakoríko ni, Bàbá sì ní kò gbọdọ̀ dé etí mi. Mo bi í pé ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi. Ó ní wọ́n pe fóònù Bàbá, òun gbé e, òun sọ fún wọn pé Bàbá ti kú ṣùgbọ́n kí wọ́n má fòyà, ẹ̀gbọ́n òun ti sọ níwájú gbogbo ayé pé òun ló máa san. Ó fi fídíò ìdí sàréè ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere.

Malachi tún pè nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ti wo fídíò náà, òun sì fi han gbogbo ọ́fíìsì, pé irú ọmọ báyìí ló yẹ kéèyàn bí. Kí n má purọ́ fún ìwé yìí: inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Mo fi ₦5,000 ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò sá. Malachi wá fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní kí n kún un kí wọ́n lè ti fáìlì Bàbá pa, kí n sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Orúkọ, àwòrán, nọ́ńbà BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ibì kan tún wà tí mo ní láti tẹ̀ kí wọ́n lè rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi. Mo kún un nígbà tí Prámárì Kẹrin ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́. Èmi tí mo máa ń bá ọmọ wí pé kó ka ìbéèrè tán kó tó dáhùn.

Malachi ní orúkọ Bàbá ti mọ́. Mo gba ìdí sàréè kọjá nígbà tí mò ń lọ sílé, mo sì sọ fún Bàbá.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Èrúwà. Báńkì kò yá mi.

Mo kọ́ Ṣẹ́gunfúnmi tó jókòó nídìí iṣẹ́ náà ní Prámárì Kẹta. Ojú ń tì í fún mi. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní òun kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kí n wò ó fúnra mi. Ó ní ibì kan wà tí gbogbo ayánilówó ń fi orúkọ ẹni tó bá jẹ wọ́n ránṣẹ́ sí, kò sì sí báńkì tó ń yáni lówó láìkọ́kọ́ wo ibẹ̀. Kì í ṣe Zachariah Ògúntọ́lá, bàbá mi, ló wà níbẹ̀. Keturah Ọ̀ṣúndáre ni, orúkọ ọkọ mi. Gbèsè ₦228,300. Ó ti fi ọjọ́ 121 kọjá ọjọ́ tó yẹ kí n san án.

Mo ní n kò tíì mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí ju ọjọ́ méjìdínlógún lọ. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn, mà.

Òjò pa mí wálé. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ₦3,000, lásán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

N kò tíì sọ fún Kíkẹ́lọmọ. Ó ra bàtà funfun kan lọ́jà òkìrìkà, ó sì ń fi ẹfun kùn ún lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti pe Malachi pé kó yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Ohùn tútù ti tán. Lánàá ó ní kí n san gbogbo ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á ṣe ohun tí n kò ní gbàgbé.

Ó ṣe é lónìí. Àwòrán tí mo yà fún fọ́ọ̀mù ni wọ́n mú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ pupa sábẹ́ rẹ̀: OLÈ NI OBÌNRIN YÌÍ, Ó JẸ OWÓ ÒKÚ BÀBÁ RẸ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù mi. Ọ̀gá iléèwé, àwọn òbí, ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó ń ta kẹrosíìnì, obìnrin kan tí a jọ wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Ìgàngán. Ọ̀gá iléèwé pè mí, ó ní òun kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má ṣe gba owó ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ kankan títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gba owó yẹn, kọ́bọ̀ kò sọnù rí.

Ìyá ọmọ kan ní kíláàsì mi fi ₦1,000 ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n fi kún owó tí mo fẹ́ san. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo dá a padà, mo lọ sẹ́yìn iléèwé, mo sì sunkún.

Kíkẹ́lọmọ náà rí i. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Mo ní láti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé ṣé báńkì lè yí ọkàn padà kí Oṣù Kẹjọ tó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí ló dé tí n kò tíì sanwó. Mo ní kì í ṣe gbèsè tèmi, ₦85,000 sì kọ́ ni wọ́n ń bèèrè mọ́. Ó ní ṣé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ ní ìdí sàréè ni.

"Ẹyin lọ̀rọ̀, Keturah. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe bàbá rẹ ní ajigbèsè nínú ilẹ̀ tó wà?"

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mo mọ̀ dájú, bí wọ́n bá tún pè mí síwájú lónìí, màá tún sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Ṣẹ́gunfúnmi ló júwe lọ́yà kan fún mi ní Èrúwà, nítòsí kóòtù. Mùjídàt lorúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: fídíò, àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ̀rí ₦5,000, fọ́ọ̀mù. Ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń mi orí.

"Mà, ọ̀rọ̀ ìdí sàréè kò sọ yín di ajigbèsè. Inú ohun tí òkú bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń san gbèsè òkú. Fọ́ọ̀mù yìí ló dè yín. Ẹ̀yáwó tuntun ni, lórúkọ tiyín."

Ó fi ìka han mí. Lókè, lẹ́tà gàdàgbà ní ká ti fáìlì olóògbé pa. Nísàlẹ̀, lẹ́tà tí mo ní láti wọ awò kà ní mo gbà láti yá owó. Mo ní ẹ̀bi tèmi ni. Ó ní rárá, ẹ̀tàn ni, ẹni tó bá sì fi ẹ̀tàn gba ìfọwọ́sí kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Ó ní wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò jẹ wọ́n lówó, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ gbèsè ọjọ́ 121 sí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ọjọ́ méjìdínlógún. Àjọ ìjọba kan wà tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá kọ̀wé pé irọ́ ni. Ó máa kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe Malachi mọ́, n kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé màá san.

Mo bi í pé báwo ló ṣe máa pẹ́ tó. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì ló kù fún Kíkẹ́lọmọ.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Mo ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò mọ̀ pé wọn kò lè fi gbèsè Bàbá mú mi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Kíkẹ́lọmọ bá mi tẹ àwọn ìwé tí lọ́yà fẹ́, ó sì bá mi lọ ṣe ẹ̀dà wọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Ìtìjú mú Gbénró, ó sì lọ wa ẹ̀gẹ́ Bàbá tó wà lójú ọ̀nà Ìdèrè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko. Léṣìí, irú ọkọ̀ yẹn, ₦240,000 ni wọ́n rà á. Lónìí, ₦70,000, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tó ṣe wá lóore. Bí a ti yọ owó àwọn tó bá a wa á àti owó ọkọ̀ kúrò, ó ku ₦48,000.

Mo mọ̀ pé inú ẹ̀gẹ́ yìí gan-an ló yẹ kí gbèsè Bàbá ti jáde. Lọ́yà ti là mí lójú. Mo ka owó náà, mo sì dì í mọ́ ti Kíkẹ́lọmọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Kò sí èsì láti ibì kankan. Malachi ti ń pe Màmá báyìí. Màmá ní kí n gbé owó wá kí òun lè sinmi.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀gẹ́, ₦48,000. Aṣọ òfì mi tí mo tà, ₦22,000. Ohun tí mo lè yọ nínú owó oṣù, ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ ₦90,000. Ó ku ₦60,000.

Ẹni mẹ́fà ni mo bẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní owó kò sí lọ́wọ́, ojú wọn sì ń lọ sí ara fóònù wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ta ló máa yá olè lówó? Bí mo bá jẹ́ wọn, èmi náà kò ní yá mi.

Mo sọ fún Kíkẹ́lọmọ pé kó má retí mọ́, pé ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà. Kò sunkún. Ó ní mo kú wàhálà, ó mú fóònù rẹ̀, ó sì jáde lọ jókòó síta. Mo kórìíra ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ

Ọlọ́run ṣeun! Kíkẹ́lọmọ ti san án! Ó fi rìsíìtì hàn mí ní agogo méjì ọ̀sán. Màmá Japheth ní Lánlátẹ̀, àbúrò Bàbá mi, ló fún un ní ₦60,000. Mo fẹ́ pè é lójú ẹsẹ̀, Kíkẹ́lọmọ ní kí n má pè é, pé ó ní ọkọ òun kò gbọdọ̀ gbọ́. Ó yé mi. Ìkookò ni ọkùnrin yẹn lórí ọ̀rọ̀ owó. Màá fẹsẹ̀ ara mi lọ dúpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sin ín dé ibùdókọ̀. Ó wọ bàtà funfun náà. Ó ti rù díẹ̀, mo sì ní kó máa jẹun dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Èsì dé. Lọ́yà kà á fún mi lórí fóònù, mo ní kó tún un kà. Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò. Ilé iṣẹ́ náà ní àṣìṣe ni, àwọn kábàámọ̀ ìnira. Ìnira! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ₦85,000 Bàbá kù, àwọn á bá ẹbí sọ ọ́, láti inú ohun tó fi sílẹ̀. Ìyẹn tọ́. Ìyẹn ni mo ti fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo pe Kíkẹ́lọmọ, mo ní orúkọ mi ti mọ́, pé kò sí báńkì tó lè kọ̀ mí mọ́. Ó kígbe lórí fóònù. Mo ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri nínú yàrá àwọn tíṣà. Títí a fi ṣíwọ́, kò sẹ́ni tó dúró kà á. Gbogbo wọn ló ka ti olè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbé iṣu tuntun márùn-ún lọ sí Lánlátẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Japheth. Mo dúró títí ọkọ rẹ̀ fi jáde, mo wá kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, mà, Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ dípò. Ó ní kí ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀. Mo ní owó Kíkẹ́lọmọ. Ó wò mí títí. Ó ní òun kò fojú kan Kíkẹ́lọmọ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, ó fà mí dìde, ó sì bu omi fún mi.

Etí títì ni mo ti pe Kíkẹ́lọmọ. Ó ní inú fóònù lòun ti rí owó náà. Ọ̀dọ̀ ayánilówó márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọn kì í yá ẹni tuntun ní ju ₦12,000 lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fún un. Nígbà tó pé, ó gba ti ẹnì kẹfà láti fi san ti ẹni àkọ́kọ́, ó gba ti ẹnì keje, èlé sì ń gun orí èlé. Mo bi í pé wọ́n ha ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kiri ni. Ó ní rárá, òun ti san gbogbo wọn tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló kù báyìí, ₦140,000.

Mo ní ta ló yá ọmọ iléèwé ní irú owó bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní kí n mú onídùúró tí orúkọ rẹ̀ mọ́ wá, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tiyín ti mọ́. BVN yín wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo bá yín tẹ ìwé lọ́yà."

N kò lè pariwo lé e lórí. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń retí owó náà. Ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, pé òun ti ń dín oúnjẹ kù. Ọkọ̀ Ìgbó-Ọrà dé, mo sì wọlé jókòó sẹ́yìn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.